Ántíbọ́dì Inú Fìríìsà Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni Mobọ́lá fi dán ántíbọ́dì, oògùn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, wò. Ó fà á láti apá rẹ̀, ó kán ántíbọ́dì sí i, ó dúró. Kò sí nǹkan kan. Omi inú ìgò mọ́ tòrò.

Ó yẹ kó funfun bí omi ògì. Ṣebí iṣẹ́ ántíbọ́dì náà nìyẹn: kó wá èròjà kan rí nínú ẹ̀jẹ̀, kó dì mọ́ ọn. Háptóglóbìn lorúkọ èròjà ọ̀hún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ nínú ara, òun ló ń palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́ kó má baà ba kíndìnrín jẹ́. Bí wọn ò bá rí i lára èèyàn, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ara Mobọ́lá le koko.

Ántíbọ́dì ló ti kú. Mobọ́lá ló sì pa á.

Iná ló lọ ní Ìlọrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jẹnẹrétọ̀ ilé àyẹ̀wò tí Mobọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀, kò tàn. Gbogbo àdúgbò gbé ọbẹ̀ lọ sínú fìríìsà Ìyá Ẹlẹ́ja, tí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kálukú so àkísà mọ́ ìkòkò tirẹ̀ kí wọ́n má baà gbé ti ẹlòmíràn. Mobọ́lá náà gbé ántíbọ́dì lọ. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í sáàárín ẹ̀gúsí àti páálí ẹja tìtùs. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kò gbọdọ̀ dì. Ó kà á. Ó ní ṣebí fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tó lọ mú un, ó ti gan bí òkúta. Ó jẹ́ kó yọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀jẹ̀ Tahirah, obìnrin àdúgbò náà kan, ló kọ́kọ́ fi ṣe àyẹ̀wò. Dókítà wo èsì, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ lára obìnrin yìí, kí ló ń mu? Àgbo ibà. Ta ló ń sè é? Àlàkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀.

Lánàá ni Tahirah sọ ìyókù fún Mobọ́lá. Sofiyullah ọkọ òun ti ní kí ìyá rẹ̀ kó kúrò nílé, kó máa lọ sí ìlú rẹ̀ ní Ìmíni. Ọ̀sán òní ni mọ́tò ń bọ̀.

Mobọ́lá lọ sílé wọn. Ó bá ìyá náà lórí àga níwájú ilé, báàgì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"Ọmọ ilé àyẹ̀wò! Wá wo àjẹ́ tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Wò mí dáadáa o."

Sofiyullah jáde, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Nọ́ọ̀sì, ṣé èsì míì tún jáde ni?"

"Èyí tí mo mú jáde kì í ṣe òótọ́." "Oògùn tí mo fi ṣe é ti bàjẹ́. Èmi ni mo gbé e sínú fìríìsà Ìyá Ẹlẹ́ja. Ó dì. Mo mọ̀ pé ó dì, mo sì lò ó."

"Níbi tí mo gbé ọbẹ̀ sí?" ni Tahirah wí.

"Ibẹ̀ náà ni."

Sofiyullah dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi, ẹ forí jì mí."

"Dìde. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Àlàkẹ́ kò wò ó. Mobọ́lá ló ń wò. "Á jẹ́ pé àgbo mi ò ṣe Tahirah ní nǹkan kan?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ì bá rọrùn fún Mobọ́lá láti sọ ọ́.

"Mi ò tíì mọ̀, mà. Àfi ká tún un ṣe. Oògùn tuntun ò tíì dé láti Ìbàdàn."

Sofiyullah dìde, ó gbọn eruku ẹ̀wù rẹ̀, kò sì ní kí ìyá rẹ̀ má lọ mọ́. Tahirah ń wo ilẹ̀.

Àlàkẹ́ rí wọn. Ó rí àwọn méjèèjì.

"Ó dáa," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ wá bá mi ní Ìmíni."

Mọ́tò dé. Mobọ́lá ló gbé báàgì ìyá náà sí i.