Kòtò Tí Mo Gbẹ́ Lẹ́yìn Ilé Màmá Onílé

Òórùn ilẹ̀ tútù ẹ̀yìn ilé yẹn kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ó dà bí òórùn ìkòkò omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù, ó sì ní ewé máńgòrò tó ti ń jẹrà nínú. Okokomaiko ní Èkó ni, ní àdúgbò kan tí ọkọ̀ kì í lè wọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí mo háyà yàrá kan sí lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì. Màmá onílé wa jẹ́ opó, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kì í pe orúkọ mi. Yunifásítì ló ń pè mí, bí mo bá sì pẹ́ ní balùwẹ̀, á kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Yunifásítì, ṣé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni?"

Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni mo ń kọ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi jẹ́ ará Èkìtì tí kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Á bu ilẹ̀ sọ́wọ́, á ta omi sí i, á máa yí i láàárín ìka, á sì sọ fún wa bóyá yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ tàbí amọ̀. Òun ló kọ́ wa pé òkúta ni bàbá ilẹ̀: oòrùn á là á, òjò á fọ̀ ọ́, gbòǹgbò á ya á, ewé á jẹrà lé e lórí, ekòló á pò ó pọ̀, àsìkò á sì ṣe ìyókù. Ó ní kí kálukú wa gbẹ́ kòtò tó jìn dé àyà, kó ka àwọn ìpele tó wà lára ògiri rẹ̀, kó sì kọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe di ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ka kòtò tirẹ̀ dáadáa yóò tún ọdún náà ṣe. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá ló ń sanwó ilé ìwé mi, ó sì ti sún ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi. Bí mo bá tún ọdún ṣe, ìyàwó yẹn lè lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ gbẹ́ tiwọn nínú igbó lọ́nà Ìbà. Èmi, ká sòótọ́, ọ̀lẹ ni mí, ejò sì ń bà mí lẹ́rù, ni mo bá tọrọ ẹ̀yìn ilé lọ́wọ́ Màmá. "Má ṣá gbẹ́ ẹ dé ìdí máńgòrò mi," ni gbogbo ohun tó sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní obìnrin tó bá lè gbẹ́ ṣáláńgá kò ní wá ọkọ tì.

Nígbà tí mo wọ inú kòtò náà tí mo wo ògiri rẹ̀, inú mi dùn dé gongo. Ilẹ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Yanrìn funfun ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa tó le, lẹ́yìn náà ìpele dúdú kan tó nípọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ilẹ̀ tó rí bí eérú wà, tí omi ń sun nínú rẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́rìnlá. Mo ní igbó ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wa, pé ewé igbó yẹn ló di ìpele dúdú nísàlẹ̀, kí odò tó wá fi ilẹ̀ pupa bò ó. Mo kà á tán, orí mi wú.

Olùkọ́ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú kòtò, ó sì ń fi ọ̀bẹ kékeré họ ìpele dúdú mi ní jẹ́jẹ́. Nǹkan kan jábọ́. Ó nù ún, ó sì nà án sí mi. Ìdérí bíró ni.

"Àwọn baba ńlá yín tó wà nínú igbó yẹn," ó ní, "bíró aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń kọ̀wé?"

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni mo dúró sí. Ibẹ̀ ni Màmá onílé ti yọ láti ilé ìdáná, ó bẹjú wo inú kòtò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Pàǹtí mi rèé! Ẹ jọ̀ọ́ sà, irà ni ibí yìí nígbà tá a rà á. Pàǹtí la kọ́kọ́ dà sí i, ká tó rí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pupa yẹn, típà ò lè wọlé, ojú títì ló já a sí. Èmi àti bàbá wọn la fi panu rù ú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo lóyún àkọ́bí mi nígbà yẹn. Yanrìn yẹn, ìgbà tá a fẹ́ kólé ni."

Ó ń ka kòtò náà bí ẹni ń ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rin nílé ìwé kò béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn sí yàrá kejì sí mi. Ojú tì mí, omijé sì lé sí mi lójú, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò.

Màmá rí ojú mi. Ó yí sí olùkọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Sà, ẹ má fèélì ọmọ mi o. Èmi ni mi ò sọ fún un."

Olùkọ́ yára ní kó dìde. Ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ kan ilẹ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè pátápátá. "Màmá, eléyìí ńkọ́? Ta ló rù ú wá?"

Màmá wò ó títí. "Èyí? A ò kó èyí wá o. Ibẹ̀ ni mo kàn máa ń da ewé sí tí mo bá ti gbálẹ̀, látìgbà tí bàbá wọn ti kú."

"Àwọn yòókù tó wà lórí irà yẹn, ẹ kó wọn wá ni," olùkọ́ ní. "Èyí nìkan nínú wọn ló di ilẹ̀ síbí fúnra rẹ̀. Ewé yín àti ekòló ló ṣe é. Ọdún mélòó ni bàbá ti lọ?"

"Ọdún mọ́kànlélógún."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta wọ̀n ọ́n. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo ti ń rò pé ọwọ́ mi ò fi nǹkan kan kún ilẹ̀ yìí látìgbà náà ni," ó ní.

Olùkọ́ fún mi di ọjọ́ Ẹtì kí n fi ya ojú ewé mẹ́rìnlá yẹn dànù, kí n sì kọ òmíràn láti ẹnu Màmá. Mo kọ ọ́, ó sì gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ dí kòtò náà, mo ti gbé ṣọ́bìrì kí n máa rọ́ gbogbo ilẹ̀ padà sínú rẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú. "Má dà á pọ̀ o, ọmọ mi. Dá kálukú padà sí àyè ẹ̀." Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀ pupa, ó ní kí n gbé panu kan ru òun, ó rù ú lọ sí etí kòtò, ó sì dà á sínú ní jẹ́jẹ́. Ilẹ̀ dúdú ti òkè, ọwọ́ lásán ló fi tẹ́ ẹ.

Mo ti gbẹ́ kòtò púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń bi àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ léèrè kí n tó kọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí mi lọ́kàn jùyẹn lọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, mo sì ti rí i pé ẹni tó rò pé òun kàn ń gbálẹ̀ lè máa dá ilẹ̀ tuntun. Lọ́jọ́ tí mo kó jáde, mo ní, "Màmá, ilẹ̀ yín dáa o."

Ó ní, "Ó ṣì ń dáa bọ̀ ni."