Ọjọ́ Tí A Bọ́ Bàtà Lẹ́nu Géètì ní Jẹ́ríkò

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí kò tíì dáyé nígbà tí mò ń sọ yìí. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Iléeṣẹ́ wa ní Olúyọ̀lé dá ọ̀pọ̀ wa dúró, a daṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá gbé Dàpọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, lọ sátìmọ́lé.

Ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ló tọ́ mi, mo sì ń dúpẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ká bẹ̀bẹ̀ ká tó bínú. Nígbà tí Olórí Orílẹ̀-èdè wá sí Ìbàdàn, tó wọ̀ sí ilé ìjọba kan ní Jẹ́ríkò, Alága ẹgbẹ́ wa ní ká lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tú Dàpọ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.

Gbayawu la bá géètì. Ìyá Dàpọ̀ dúró.

“Alága, àwọn sọ́jà dà?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ẹ bọ́ bàtà yín, ilé àgbà là ń wọ̀.”

Bàbá Súlè, awakọ̀ wa, ní, “Tí wọ́n bá jí sálúbàtà mi, ẹgbẹ́ ló máa ra òmíràn o!”

A rẹ́rìn-ín, a to bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a wọlé.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn sọ́jà fi tú jáde lẹ́yìn ilé pẹ̀lú kòbókò.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

Mo bojú wẹ̀yìn kí Alága lè dáhùn. Ìta géètì ló dúró sí. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Dàpọ̀ ti kúnlẹ̀. “Ọmọ mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún!” Orí ìkúnlẹ̀ náà ni wọ́n ti wọ́ ọ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò ní àwọn jàǹdùkú já géètì wọ ibùwọ̀ Olórí Orílẹ̀-èdè. Ohùn Alága ló tẹ̀ lé e: òun ti kìlọ̀ fún wa, a ò gbọ́. Ìyanṣẹ́lódì fọ́. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ fi sọ Alága di ọ̀gá. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló ń gbé.

Dàpọ̀ padà jáde láàyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ohun tá a rí gbà nìyẹn. Iṣẹ́ wa lọ pátápátá. Ìyá rẹ̀ kò dúró dè é. Orúkọ jàǹdùkú ló gbé wọ sàréè. Mo ti ń gbàdúrà kí n lè dárí ji Alága, mi ò tíì dé ibi àmín.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì jẹ obìnrin yẹn ní gbólóhùn kan, lórí rédíò kan náà: ẹni tó fẹ́ fipá wọlé onílé kì í kọ́kọ́ bọ́ bàtà.