Àpáta Tó Mọ́ Bí Àwo

Ọjọ́ tí kíláàsì wa lọ pàgọ́ láàárín òkè ni mi ò lè gbàgbé, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Láàárọ̀ Sátidé kan, tíṣà kó wa kúrò ní Tudun Wada, àdúgbò wa ní Jos. Gbogbo ibi tí a dé ló rí gbágungbàgun, àfi àpáta kan tó tẹ́jú, tó mọ́ bí àwo.

Mo ní, "Tíṣà, ó dà bíi pé wọ́n gbá ibí yìí o."

Ó jágbe mọ́ mi: "Bọ́láńlé, panu mọ́! Ọlọ́run ló ni òkè."

A so àgọ́ mọ́ òkúta, a dáná.

Ọbẹ̀ ò tíì hó tí ìyá àgbà kan fi dé, ó ru ọkà bàbà, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ọkùnrin mẹ́rin tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá. Ìyá náà fẹsẹ̀ ta ìkòkò wa dànù. Iná wa ti sọ ibi tó ń sá ọkà di dúdú.

Tíṣà kúnlẹ̀, ó ń fi Hausa bẹ̀ ẹ́: "Haba, Mama, hakuri! Ṣebí Ọlọ́run ló ni òkè?"

Ìyá náà fi Hausa dá a lóhùn: "Òun ló ni ín. Èmi ni mò ń gbá a." Ó na ìgbálẹ̀ sí i.

Tíṣà gbà á, ó yíjú, ó sì nà án sí mi.