Aago Ọ́ìlì Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Ilé Ọkọ

"Baba, ẹ dákun, ẹ má tì í bọ iná!"

Igbe dírẹ́bà lọ́rì yìí ló mú kí ẹwìrì tó ń fẹ́ iná dákẹ́ lójijì. Baba alágbẹ̀dẹ tó múlé tì wá ní Ìkàrẹ́ ti fi ẹ̀mú di aago tuntun tí dírẹ́bà ní kó bá òun dè mọ́ lọ́rì mú, ó ń gbé e lọ sórí ẹyín iná. Kò sí irin tó wọ àgbẹ̀dẹ rẹ̀ tí Baba kì í kọ́kọ́ fi iná dán wò, ìbáà jẹ́ ọkọ́, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́.

"Jẹ́ kí uná rí i ná," ló máa ń wí ní ohùn ìlú wa.

Aago yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń mọ àkókò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, okùn idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sì so ó mọ́ orí kan tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni orí náà máa wà, ọwọ́ aago á sì máa sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó. Lọ́rì dírẹ́bà yìí ti jó ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ lórí òkè Ọ̀kà rí, ó sì ti búra pé òun ò ní gun òkè náà mọ́ láìsí aago. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé inú lọ́rì yìí lòun máa ti sọ̀ kalẹ̀ nílé ọkọ ní Ọ̀kà, kí gbogbo ayé lè rí òun. Láti àárọ̀ ni kò ti jẹun. Ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ ló dúró sí, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ Baba.

"Tí iná bá kàn án, ó máa bẹ́ ni," dírẹ́bà ní.

Baba gbé e kalẹ̀, àmọ́ ó ní òun ò ní de ohun tí kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ la wà tí òórùn àkàrà fi ta sí wa láti àgbàlá, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dín in. Baba rẹ́rìn-ín.

"Epo gbígbóná kọ́ rèé?"

Ìyàwó rẹ̀ na ṣíbí sókè. "Ẹ ò ní ki irin yẹn bọ àkàrà mi o!"

Baba bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ orí aago náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ epo. Ọwọ́ aago fò sókè! Ẹ̀gbọ́n mi pariwo, ó dì mọ́ mi. Ìyàwó Baba ní àkàrà òun ti ń rùn bí idẹ, síbẹ̀ òun náà ló jẹ ẹ́ jù.

Iṣẹ́ kù. Ihò ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì fẹ̀ ju orí aago lọ. Baba rọ òrùka idẹ kan tí yóò há a mọ́bẹ̀, ó fi fáìlì fá a, ó wọ̀n ọ́n wò, ó tún fá a. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ lọ́rì, ó fi ìka kan ìdí òrùka náà wò.

"Kò jò!"

Lọ́jọ́ kejì, òun ló jókòó ti dírẹ́bà, ó ń ṣọ́ aago. Ó ti fi osùn fa ìlà sí ojú dígí aago náà níbi tí dírẹ́bà fi hàn án. Bí ọwọ́ aago bá ti kan osùn, Baba á kígbe pé, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!" Gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀, a ó sì máa jó yí ìyàwó ká títí ọ́ìlì á fi tutù. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á bá wa jó. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìkàrẹ́ tó fẹsẹ̀ rìn fi kọjá lára wa, tí wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tí a wọ Ọ̀kà, kò sí àyè láti tẹsẹ̀ sí. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn ti dé, wọ́n ti ròyìn lọ́rì fún gbogbo àdúgbò, tọmọdé tàgbà ti tò sójú ọ̀nà. Gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dá yín dúró?" bàbá ọkọ bi Baba.

"Ijó ni."

Láti ìgbà náà, mo ti wọ mọ́tò tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ n kò rántí ohun tí mo rí lọ́nà. Tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí Ọ̀kà, mo máa ń ní kí wọ́n dúró lórí òkè náà. Wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, ẹ́ńjìnnì ò gbóná o." Mo mọ̀. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá sì jó díẹ̀.