Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Fò

Òórùn pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ gbẹ́ máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán tí tíṣà ẹ̀gbọ́n mi wá sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti rẹ tíṣà náà.

"Màmá, tó bá yege nínú A-level níbí, yóò fo ọdún kìíní ní yunifásítì."

Ìyá mi fọwọ́ lu àyà. "Fo ọdún kẹ̀? Ọmọ mi ò ní fo ọdún o, tíṣà!"

Mo rẹ́rìn-ín; ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fìgbọ̀nwọ́ gún mi. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé márùn-ún ni ìyá mi bí, pé àwa méjì ló kù, pé létí rẹ̀, ọmọ tó bá fo ọdún ti kú nìyẹn.

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Kò ní fò ó, Màmá. Ibí ni yóò ti ṣe é sílẹ̀."

"Yóò ṣe ọdún náà?"

"Yóò ṣe é."

"Àmín," ni ìyá mi wí, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹ jẹ́ kó kọ ìdánwò yín."