Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fi Ọ̀pá Mi Rìn

Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Adó-Èkìtì, gbogbo ẹbí wa ló mọ ohun tó yẹ kí n fi ayé mi ṣe. Èmi nìkan ni wọn ò bi.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti Àkúrẹ́ kó ẹrù bọ̀, àwọn onílé ń kun ilé wọn kí ìjọba lè yá a, ọ̀kadà sì pọ̀ lójú títì ju àwọn tó fẹ́ gùn ún lọ. Gbogbo ènìyàn ló ń lọ síbì kan. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó.

Arọ ni mí. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú kọ́ ìrìn. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ fún mi, ó sọ tòsì di ẹrù tí mò ń gbé kiri. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọlúàbí sọ ọ́ máa ń pè mí ní akàndá ẹ̀dá. Ó máa ń dùn létí bí orúkọ ọṣẹ ìwẹ̀ tuntun, àmọ́ kò bá mi gun òkè rí. Ọ̀pá méjì tí à ń kì bọ abẹ́ abíyá ni mo fi ń rìn. Mo fi wọ́n lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo fi wọ́n lọ sí girama, mo sì ti fi wọ́n gbá ojúgun àwọn kan tó ń sín mi jẹ.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, ọmọ Adó gidi, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí kì í jáde láìlọ aṣọ. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì àti oríṣiríṣi ike l'Ọ́jà Ọba. Adó ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bàbá mi bá pe ilé ní “ulé” tàbí tó pe iṣu ní “usu”, ìyá mi á ní àwọn ò gbọ́, kí olúwarẹ̀ tún un sọ.

Ọ̀sán Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n pé jọ sí pálọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ mi. Èsì ìdánwò àṣejáde mi ti jáde, ó sì dára ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Ká ní mo fìdí rẹmi ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Bàbá mi ní kí n lọ kọ́ títáìpù, pé àwọn ọ́fíìsì tuntun yìí á nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n, àti pé orí àga ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá mi ní rárá, kí n wá jókòó sọ́jà, kí n máa bá àwọn ṣọ́ ike. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ìgbemọ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n lọ́kọ sí, ní kí gbogbo èèyàn fara balẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí ọkùnrin kan fún mi, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ní oko ìrẹsì, tí kò sì wá ìyàwó tó ń sáré káàkiri.

Mo ro gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, títí kan ti ọkọ: ìdí ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó jọ pé ìdí mi nìkan ni ẹbí wa gbójú lé.

Mo wá bi Màmá Ìgbemọ pé eyín mélòó ló kù lẹ́nu ọkọ mi. Bàbá mi bá mi wí. Ìyá mi ń wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n Màmá Ìgbemọ fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń fi ìborùn nu ojú. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n kọjú sí mi.

“Ó dáa,” wọ́n ní, “ìwọ gan-an, kí ló wù ọ́?”

Ẹni tó mú ọkọ aláìléyín wá yìí ló kọ́kọ́ bi mí.

Mo ní kẹ́mísírì ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Mo rán bàbá mi létí pé mo ti jókòó fún ìdánwò ìwọlé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi ní àwọn mọ̀, àwọn rò pé ńṣe ni mo bá wọn ṣe é kí ojú má bàa tì mí. Wọ́n wá to ìdí tí kò fi lè ṣeé ṣe sílẹ̀: àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀, òjò á máa pa mí, ta ni á bá mi pọn omi, ta ni á gbé mi bí mo bá ṣubú. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo sì rí i, àmọ́ inú bí mi síbẹ̀.

“Dádì,” mo ní, “ẹ ò dé ibẹ̀ rí. Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí. Ta ló wá sọ fún yín pé kò ṣeé rìn?”

Ìpàdé tú ká, a jẹ ìrẹsì tí Màmá Ìgbemọ kó wá.

Nígbà tó yá, ilé ìwé gíga kan tí kò jìnnà sí Adó gbà mí wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, bàbá mi dé sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ní kí n wọ bàtà, ká lọ wo ibẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti gbé ọ̀pá mi àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìn àpótí aṣọ. Wọ́n ti tú irin rẹ̀, wọ́n ti fà á gùn, wọ́n sì ti fi epo ẹ̀rọ sí i. Mo rò pé èmi ni wọ́n tún un ṣe fún.

Ọkọ̀ ìjàpá wọn ló gbé wa lọ. Wọ́n páàkì sẹ́nu géètì, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ki ọ̀pá bọ abíyá wọn méjèèjì, wọ́n ká ẹsẹ̀ òsì sókè nínú sòkòtò tí wọ́n lọ̀ bí abẹ, wọ́n ní, “Ó yá, kọ́ mi.”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní kí wọ́n má fara ti ọ̀pá ní abíyá, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé ara wọn. Mo ní kí wọ́n máa wo ibi tí ọ̀pá máa tẹ̀, kì í ṣe ojú àwọn èèyàn. A gbéra. Iyanrìn pọ̀ lẹ́nu géètì yẹn, ọ̀pá wọn sì ń rì sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí a tó dé ibi tí wọ́n da kọnkéré sí, alàgbà ti ń mí bí ajá tó sáré.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti rí wa. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. Nígbà tó dìde, omi ti wà lójú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?”

Bàbá mi kì í purọ́, wọn ò sì ní èémí tí wọ́n máa fi ṣàlàyé. “Kò ṣẹlẹ̀,” wọ́n ní. “Mò ń gbìyànjú rẹ̀ wò ni.”

Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé kí n sọ òótọ́ fún òun, pé ṣé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ni. Mo gbé ojú kúrò. Ó gun ọ̀kadà, ó sì forí lé ìlú.

Àwa lọ sí ilé tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́mísírì. Òkè ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Bàbá mi gùn ún dé àárín, wọ́n jókòó. Mo fi ọwọ́ kan di irin mú, mo kó ọ̀pá méjèèjì sọ́wọ́ kejì, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo dé òkè. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo àárín orí wọn. Ó ti ń pá, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ṣé báyìí lo ṣe máa ń ṣe?” wọ́n bi mí láìwẹ̀yìn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Àtẹ̀gùn yìí kọ́ ló le,” ni ohun tí wọ́n wá sọ. “Iyanrìn ẹnu géètì yẹn ni. Mi kì bá ti mọ̀ láé.”

Láti ibẹ̀ a lọ bá obìnrin tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi ti gbàgbé pé àwọn lè rìn, orí ọ̀pá ni wọ́n bá a wọ ọ́fíìsì. Wọ́n ní yàrá ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fún mi, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Obìnrin náà wo èmi, ó wo bàbá mi, ó ní kò sí ìṣòro rárá, kí ìdílé wa má mikàn. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n dìde, wọ́n kó ọ̀pá méjèèjì pọ̀ sí abẹ́ apá kan, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn jáde ṣánṣán. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹnu obìnrin náà là sílẹ̀. Mo sọ fún un pé àrùn náà, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀.

Ká tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé ṣáájú wa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún àgbàlá, ìyá mi jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n tú gèlè, wọ́n ń sunkún. Pásítọ̀ ń gbàdúrà kíkankíkan fún ẹsẹ̀ alàgbà. Ìgbà náà ni alàgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú ìjàpá, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn bọ̀. Ariwo “Halelúyà” sọ. Bàbá mi gbìyànjú láti ṣàlàyé, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Pásítọ̀ ní àdúrà ti gbà. Ó wá yíjú sí mi pẹ̀lú ìrètí, ó ń wo ẹsẹ̀ òsì mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, tèmi ò sí lára ti òní.

Ìyá mi ò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Nígbà tí ìbínú wọn rọlẹ̀, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé mo máa lọ dandan, àwọn á gba yàrá kan lẹ́bàá ilé ìwé, àwọn á máa ta ike níbẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin Ìgbemọ ni kí wọ́n kúkú fi mí fún. Wọ́n rò ó. Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì wálé láti ọjà, kékeré àti ńlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo èyí tí mo lè fi pọn omi. Èyí tó wà lọ́wọ́ ń gbá ọ̀pá, èyí tó wà lọ́rùn fẹ́ yí mi ṣubú. Níkẹyìn wọ́n fi ọ̀já pọn kẹ́ẹ̀gì pẹrẹsẹ kan mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ tuntun, ó sì dúró. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi ṣe nǹkan kan mọ́, kó lè mọ́ mi lára. Èmi ni mò ń fọ aṣọ mi, èmi ni mò ń tan sítóòfù, èmi ni mò ń bá ọlọ́kadà jà pé kì í ṣe iṣu ni wọ́n fẹ́ gbé. Bí mo bá ṣubú nínú àgbàlá, ìyá mi á wà lójú fèrèsé, wọn ò sì ní jáde. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pòṣé.

Màmá Ìgbemọ wá dágbére fún mi. Wọ́n ní ọkùnrin oko ìrẹsì ti fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n mú rọ́bà táyà alùpùpù wá, èyí tí wọ́n ní kí oníbàtà gé, kí n fi bọ ìdí ọ̀pá mi, kó má máa yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù.

Mo wọlé ìwé lásìkò òjò. Mo ṣubú lójú gbogbo èèyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọkùnrin sáré wá gbé mi. Mo ní ìwé mi ni kí wọ́n gbé, òun ló ń rẹ. Ìjà tó le jù jẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ kan tó ní wọn kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń po oògùn kẹ́mísírì. Mo lè dúró, ṣùgbọ́n mi ò lè di ọ̀pá mú kí n tún di ìgò mú. Bàbá mi fẹ́ wá rí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, wọ́n sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí ìjàpá wọn lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún olùkọ́ náà pé kó gbé àga gíga kan wá, kó dúró tì mí, bí mo bá da nǹkan sílẹ̀ kó lé mi. Mi ò da nǹkan kan sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ló fọ́ ìgò.

Mo jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iṣẹ́ yíyẹ omi mímu wò ni mo sì ń ṣe títí di òní. Ìyá mi ní kẹ́ẹ̀gì ló gbé mi débẹ̀. Bàbá mi ní rárá, ọjọ́ tí àwọn gun àtẹ̀gùn ni. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán láàárín wọn, mi ò sì dá sí i.