Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run ní Martindale

Ẹṣin baba ńlá mi ni Jésù gùn wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ tí mo sọ èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Martindale, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni n kò lè gbàgbé láé.

Ìpàdé àdúrà wa ti alẹ́ Friday ní basement, yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ti kù sí ènìyàn mẹ́rin, pásítọ̀ sì sọ fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Sunday pé òun fẹ́ pa á rẹ́. Mo bá dìde. Mo ní baba ńlá mi, Balógun ìlú wa, ló gba òyìnbó oníwàásù sílé. Òyìnbó ní kó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Baba ńlá mi ní ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọlọ́run, gbogbo ìlú sì tẹ̀ lé e.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ẹ̀yìn mi gan! N kò lè dìde mọ́. Mo ké: “Jésù o!”

“Ìsọjí dé!” ni pásítọ̀ dáhùn. Gbogbo ìjọ dojú bolẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà tẹkúntẹkún.

Ìyàwó mi sọ sí mi létí: “Bàbá Táyọ̀, ṣé Ẹ̀mí ni àbí ẹ̀yìn?”

“Ẹ̀yìn ni. Dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà tán.”

Ní Friday tó tẹ̀ lé e, àga kò tó ní basement. Balógun yẹn, irọ́ mi ni. Káfíńtà ni baba ńlá mi.